Òmùgọ̀ Wọ́ọ̀dù Hollin Brook

Ìgbà mọ́kànlá ni Desmond Tunnicliffe ti du ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù Hollin Brook nílùú Sheffield, ìgbà mọ́kànlá náà ló sì fìdí rẹmi. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. "Ẹ dìbò fún mi," ló máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, "ó ti mọ́ mi lára láti máa kí ẹni tó wọlé kú oríire." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún un ní tíì, wọ́n á sì lọ dìbò fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún un. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pa wọ́ọ̀dù náà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Desmond sì ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Pátákó kan wà nílé ìkàwé àdúgbò, tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo káńsílọ̀ Hollin Brook sí. Àyè ìlà kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀, Desmond sì ń fẹ́ ìlà yẹn débi pé kì í lè gba ibẹ̀ kọjá láì dúró wò ó.

Nígbà tí wọn ò jẹ́ kó wọnú ìtàn, ó jókòó, ó ń kọ ọ́. Gbogbo ìdìbò wọ́ọ̀dù náà láti ọdún 1982 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Orí kẹsàn-án ló fẹ́ràn jù, èyí tó pè ní "Òmùgọ̀ Wọ́ọ̀dù". Òfin ni pé wọn kì í ka ìwé ìbò tí ẹni tó dì í bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Síbẹ̀, bí ìdìbò bá ti wáyé ní Hollin Brook, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan máa ń wà níbẹ̀, ẹyọ kan, kì í lé, kì í dín. "Ọjọ́ tí òmùgọ̀ yìí bá kú," Desmond kọ, "ọjọ́ ìdìbò la ó fi mọ̀." Ọdún 1998 nìkan ni kò sí. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń tún orúnkún Desmond ṣe, ni wọ́n mú èsì yẹn wá bá a. Ó kọ ọ́ pé bóyá òmùgọ̀ náà lọ sinmi létí òkun.

Ẹni tó ń fura sí pé ó jẹ́ òmùgọ̀ náà ni Winifred Staniforth, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tó ń gbé òdìkejì títì. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdìbò, ó lọ bá a nílé.

"Màmá, ẹ kàn fa àgbélébùú síwájú orúkọ mi, ẹ ká ìwé, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Ẹ má kọ nǹkan kan mọ́ ọn o."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, Desmond. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kan náà la ti fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún la fi ń fàmì sí ìwé àpótí ọ̀bẹ, tí à ń kọ orúkọ àti déètì sábẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ kì í gbàgbé."

"Ìwọ lo sì máa ń jágbe mọ́ wa tá a bá gbàgbé. Mu tíì ẹ, ó ń tutù."

Lọ́jọ́ Thursday, agogo méje àárọ̀ ni Desmond dìbò tirẹ̀. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Lọ́sàn-án, ó fi mọ́tò gbé Winifred lọ dìbò. Ìyá náà pẹ́ nídìí tirẹ̀ débi pé Desmond lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ò kọ nǹkan kan?"

"Àgbélébùú ni mo fà. Gbé mi lọ sílé."

Wọ́n ka ìbò láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní gbọ̀ngàn ìṣeré kan. Desmond ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé méje. Káńsílọ̀ Roland Birkett, tó wà lórí oyè, ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé méje. Wọ́n tún un kà, iye kan náà ni. Brenda Allsop, aṣojú Desmond láti ìgbà tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, ti tábìlì àwọn ìwé tó bàjẹ́ dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìwé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tìẹ. Ẹni tó dì í fún ẹ buwọ́ lù ú. Ọ̀gá ètò ìdìbò fi àtàǹpàkò bo orúkọ ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mi ò rí i."

"Winifred ni," ni Desmond wí. "Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta! Mi ò ní mu tíì nílé obìnrin yẹn mọ́ láyé."

Ó lọ síbi tábìlì, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ìwé náà.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ rí i, Ọ̀gbẹ́ni Tunnicliffe?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Ó dá mi lójú."

Ọkùnrin náà gbé àtàǹpàkò kúrò. Desmond wo ìwé náà títí.

"Ẹ má kà á," ló wí.

"Desmond, ṣé orí ẹ pé?" ni Brenda wí. "Ìbò kan yẹn lo fi máa wọlé! Jà sí i."

"Òfin ni òfin, Brenda."

Nítorí pé ìbò dọ́gba, kèké ni òfin ní kí wọ́n ṣẹ́, wọ́n sì ká orúkọ àwọn méjèèjì sínú agolo bisikíìtì. Ọ̀gá náà dijú, ó mú ọ̀kan. Ti Birkett ló mú. Desmond bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ nínú ìkíni náà, nítorí ó ti há a sórí tipẹ́.

Ó yà nílé Winifred.

"O wọlé?"

"Rárá, Màmá."

"Brenda ti pè mí. Ó ní èmi ni mo ba ìbò ẹ jẹ́. Desmond, mi ò kọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ta wá ni òmùgọ̀ náà?"

Desmond mu tíì rẹ̀ tán, ó fọ kọ́ọ̀bù, ó dágbére.

Nígbà tó délé, ó ṣí orí kẹsàn-án ìwé ìtàn rẹ̀, ó fàmì sísàlẹ̀ ibi tó ti ń fi òmùgọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó sì kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Desmond Tunnicliffe, ní kíkún, pẹ̀lú déètì, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìbò tó rí láàárọ̀.