Ògiri Tí Kò Dé Ibì Kankan

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo òdòdó!"

Nọ́ọ̀sì tó ti Calgary ní Kánádà wá kí Fẹ́yìsayọ̀, àbúrò rẹ̀, ní Ireland pòṣé nínú ọgbà ilé olódi àtijọ́ kan. "Èyí tí kò ṣeé sebẹ̀?"

Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọkọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ epo wọn."

Irọ́ ni. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Nọ́ọ̀sì náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Afinimọ̀nà tó ń mú wọn kiri na ọwọ́ sí ògiri òkúta kan tó gun òkè lọ, tó wá parí sáàárín pápá. Ó ní lọ́dún tí ìyàn mú, ọlọ́lá tó ni ilé olódi náà ní kí àwọn tí ebi ń pa kọ́kọ́ mọ ògiri náà kí wọ́n tó jẹun, kí ojú má baà tì wọ́n pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

"Ọ̀rọ̀ dídùn lásán!" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìkà gbáà ni. Ṣé kò lè kàn fún wọn lóúnjẹ ni?"

Fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ní Calgary.

"Mo wọ kóòtù, mo de táì bí ẹ ṣe ní kí n ṣe," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Train ti gbé mi lọ, ó ti gbé mi bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n máa lọ sílé?"

"Kí ìyàwó pásítọ̀ tó ń gbé níwájú ilé wa lè rí yín láti ojú fèrèsé rẹ̀? Ẹ tún train náà wọ̀! Ó di aago márùn-ún kí ẹ tó wọlé."

Ó pa fóònù náà.

"Ṣé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè?" ni Fẹ́yìsayọ̀ béèrè.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni," ó dáhùn, ó sì kẹ́yìn sí ògiri náà.