Ọmọ Tó Gbé Sáyà

Ojú ń ti Kíkẹ́lọmọ bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba kọjá. Ó ń gbàdúrà kí ará ìjọ kankan má rí òun.

Ó pọn ọmọ kan sẹ́yìn. Ó fi ìborùn bo èkejì mọ́ àyà.

Comfort, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù, rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Tàyà yìí mà jẹ́jẹ́ o. Ṣé kì í sunkún ni?"

Kíkẹ́lọmọ ò lè wojú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbà á. Pásítọ̀ wa ní kí n dáná sun ún. Mi ò lè ṣe é."

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu Comfort. Ó ṣí ìborùn.

Ère igi ni. Ère Táyé tó kú, tí ìyá ọkọ Kíkẹ́lọmọ ní kí wọ́n gbẹ́, kí Kẹ́hìndé má baà tẹ̀ lé e lọ.

Páúdà àárọ̀ yìí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, màá fi han ọ̀gá wa."

Comfort fọwọ́ kan mú un lọ́rùn, bí èèyàn ṣe ń mú igi.

Kíkẹ́lọmọ ò mọ̀gbà tí ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ rọra mà. Ẹ fọwọ́ ti orí ẹ̀ lẹ́yìn."