Ọfà Kékeré Tí Akínlàjà Kò Tẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo bá Akínlàjà ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan. Ó mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Òun ló kọ ètò tó kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun. Ẹ mọ kọ́ńsóòlù, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han àwa tí à ń kọ ètò. Àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan jáde síbẹ̀ ní kíká, orúkọ nìkan ló hàn, pẹ̀lú ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ọfà yẹn, ìyókù á ṣí síta: ọjọ́ orí, àìsàn, oògùn tí ara onítọ̀hún kò gbà.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Akínlàjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ọfà yẹn ká wo inú ẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mojírayọ̀, ìwọ náà! Ṣé o ò rí orúkọ wọn ni? Èmi tí mo kọ ọ́, ṣé mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni?"

Ojú tì mí, mi ò bèèrè mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà tuntun náà, àwọn aládùúgbò gbé Ìyá Wúràọlá wọlé. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà, àyè oògùn tí ara kò gbà ṣófo, ló bá gún un lábẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Kí Wúràọlá ọmọ rẹ̀ tó dé láti Ìbàdàn, ìyá ti kú.

Akínlàjà sáré ṣí kọ́ńsóòlù, ó tẹ ọfà. Orúkọ wà, ọjọ́ orí wà, àyè oògùn ṣófo. Ó tẹ ti ẹlòmíì, bákan náà ni. Ti gbogbo wọn ló ṣófo! Ètò rẹ̀ ti fi àkọsílẹ̀ oògùn yẹn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Wúràọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì mi sọ fún yín pé ara àwọn ò gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ìṣojú mi ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ tiẹ̀ wò ó?"

Èmi ò lè gbójú sókè wò ó.

Wọ́n lé Akínlàjà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ò sì jí òkú. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ kò bá tíì ṣí wò, ẹ má sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bèèrè tí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ tún bèèrè. Ká ní mo tún bèèrè lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ Wúràọlá ì bá bá ìyá rẹ̀ láàyè.