Jímọ́ọ̀ Tó Ní Òkú Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ka ìdajì kẹ́ ẹ wá máa fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, ìdí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀.

1.

Jímọ́ọ̀ tó ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà ní ọjà Ipata nílùú Ìlọrin, Ọlọ́run ṣíjú àánú wò ó, àpò ọjà rẹ̀ ga kan àjà. Lọ́jọ́ tí Hidayat ọmọ rẹ̀ ṣe wòlímọ̀ Kùránì, Jímọ́ọ̀ ní òun ò ní fẹsẹ̀ rìn, ẹṣin lòun máa gùn. Gàní, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, mú ẹṣin funfun kan wá, ó di ìjánu rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ọ̀gá, ẹṣin yìí ò tíì mọ ariwo ìgboro. Èmi ni n ó máa fà á lọ."

Jímọ́ọ̀ wo àwọn èrò tó na fóònù sókè. Ojú tì í.

"Ṣé ìyàwó ni mí, tí wọ́n á máa fà lọ sílé ọkọ? Tú u sílẹ̀ jàre!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn pọ̀..."

"Mo ní kó o tú u sílẹ̀!"

Gàní tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Ọjà-Ọba, Jímọ́ọ̀ fi gìgísẹ̀ gún ẹṣin níhà pé kó jó fáwọn èèyàn wò. Kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè lójijì. Ẹṣin ta gìrì, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ya bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Hamidat dúró sí, lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wò bóyá ó gùn tó. Jímọ́ọ̀ rí ojú obìnrin náà kedere kí ẹṣin tó gbá a. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

2.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Abdulmateen, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, sunkún tán, ó nu ojú, ó ní:

"Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ẹ bá mi sọ fún Jímọ́ọ̀ kó wá síbi àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ. Kó wá bá wa ṣe àmín. N ó forí jì í lójú gbogbo yín."

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti fi ìdáríjì sórí ẹní dè é, kó wá gbé e ló kù.

Jímọ́ọ̀ fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ ó ti wọ aṣọ, àwọn àgbà àdúgbò ti jókòó dè é lọ́ọ̀dẹ̀. Ni lọ́yà rẹ̀ bá pè é lórí fóònù.

"Tẹ́ ẹ bá lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti fẹnu ara yín sọ pé ẹ jẹ̀bi. Ọlọ́pàá ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ jókòó sílé."

Kàdíját ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Hidayat, wọ́n ń retí yín."

"Lọ́yà ní kí n má lọ."

"Ṣé lọ́yà ló gun ẹṣin ni?"

Jímọ́ọ̀ bọ́ aṣọ. Ó sùn.

3.

Ọlọ́pàá gbé Jímọ́ọ̀ àti Gàní lọ sí kóòtù; wọ́n gba béèlì Jímọ́ọ̀, Gàní sì wà látìmọ́lé. Níbẹ̀, lọ́yà ní Gàní ló fi ìjánu sílẹ̀. Ó tún ní Hamidat ń tẹ fóònù, òun ló rìn wọ ojú ọ̀nà. Fídíò tí àwọn èèyàn yà, ẹṣin àti agbádá nìkan ló hàn níbẹ̀, ariwo sì ti bo ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n bi Jímọ́ọ̀ léèrè:

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó rántí aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́ méjèèjì Hamidat.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn.

Háà! Ìlọrin gbóná. Lórí rédíò, àwọn èèyàn ń pè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀kan ní, "Ṣé kí òkú dìde wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin ni?" Ní Ipata, àwọn obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Òkú-ló-jẹ̀bi. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi kọrin. Hidayat ò lè jáde mọ́.

Adájọ́ ní ẹ̀rí ò tó. Ó dá Jímọ́ọ̀ sílẹ̀, ó dá Gàní náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje látìmọ́lé. Lọ́yà bọ Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́, ó ní, "A ti borí!" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí i kú oríire, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

4.

Nígbà tó yá, Jímọ́ọ̀ fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ìmáàmù ní kó kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀. Ó lọ bá Gàní, Gàní ní òun ti gbàgbé. Ó wá lọ bá Àlùfáà Abdulmateen. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bú sẹ́kún. Àlùfáà fún un lómi mu.

"Lọ́jọ́ kẹjọ, mo retí yín títí dé ìrun alásárì."

"Lọ́yà ló ní..."

"Mo gbọ́. Ní ti ikú ìyàwó mi, mo forí jì yín. Ní ti ìdààmú mi, mo forí jì yín. Ṣùgbọ́n irọ́ tẹ́ ẹ pa mọ́ ọn ní kóòtù, tèmi kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀ ni. Ẹ lọ tọrọ àforíjì ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Àlùfáà, kò sí láyé mọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àlùfáà wí. "Kò sí láyé mọ́."

Bàálù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà gbéra lọ́dún náà. Jímọ́ọ̀ ò bá wọn lọ. Kò sì lọ títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò ní kẹ́ ẹ má gba lọ́yà o. Ọ̀ràn ńlá nílò lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá ẹnu yín ba òkú jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe èèyàn léṣe, ẹ tètè lọ, ẹ sọ òótọ́, ẹ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí etí tó máa gbọ́ ọ ṣì wà. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.