Adégòroyè àti Ilẹ̀kùn Àká Tí Kò Ṣí

Fọlárìn gun àtẹ̀gùn dé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìsẹ́yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Eruku ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Adégòroyè rí i, ṣùgbọ́n kò dìde. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú ń ta á, ẹ̀yìn ń dùn ún, eṣinṣin kan sì ti kú sínú tíì tí kò rántí mu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà ọkùnrin yìí fún yín kí a tó lọ jìnnà. Ọ̀jáfáfá ni, àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bà á jẹ́ ló máa ń wá, kì í wá ohun tó bà á jẹ́.

Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà. Ètò náà ti ń ṣi ọjọ́ kà. Àwọn ìyá á pọn ọmọ, wọ́n á rìn wá láti oko, wọ́n á sì gbọ́ pé ọjọ́ wọn kò tíì pé. Adégòroyè ti tún un ṣe. Ó ku kí ó fi í ránṣẹ́ sí àká, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn máa ń lọ kó iṣẹ́ tuntun níbẹ̀. Èyí tó bá pẹ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé lónìí, àká kò sì jẹ́ kí Adégòroyè wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló yọ orúkọ Fọlárìn kúrò lára àwọn tó lè wọ àká. Fọlárìn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àká fi lé Adégòroyè pàápàá sẹ́yìn. Ó fa fóònù yọ, ó pe Fọlárìn.

"Nítorí mo yọ orúkọ rẹ lo ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kọ síbẹ̀? Ẹ kà á fún mi."

"Èmi ni kí n máa kàwé fún olè!" Ó pa fóònù.

Ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sójú fèrèsé, ó tún gbé e padà.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn sinmi," ni Ìbídùn wí, ọmọbìnrin tó máa ń bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. "Bó bá lẹ́nu ni, á ti bú yín. Ẹ ò ṣe ka ohun tó kọ?"

"Ó ní kí n má wọlé. Kí ló tún kù níbẹ̀?"

Ìbídùn bọ́ síta, ó pe Fọlárìn pé kó dákun, kó wá.

Bí Fọlárìn ṣe dé nìyí, ogún ìṣẹ́jú ló sì kù kí aago mẹ́rin lù.

"Ó yá, wá ṣí ohun tó o tì," ni Adégòroyè wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Fọlárìn fa àga kan, ó tẹ ìlà kan ṣoṣo, ó fi bi àká léèrè pé ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Ìdáhùn dé. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí Adégòroyè. "Ẹ kà á."

Adégòroyè kà á. Orúkọ Fọlárìn ni àká fi kí i. Ó tún ka ọ̀rọ̀ tó ti ń jáde láti àárọ̀. Fọlárìn kò láṣẹ láti wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀ gbangba.

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó síbí."

"Kọ̀ǹpútà tí mo fi sílẹ̀ fún yín ni, ẹ̀gbọ́n. Kọ́kọ́rọ́ mi, fáìlì tó fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àká láìlo páásíwọ́ọ̀dù, ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ẹ ṣe tiyín, ẹ ní ẹ ò ráyè."

Fún oṣù mẹ́ta, orúkọ Fọlárìn ni Adégòroyè fi ń wọlé. Ẹni tó lé lọ láàárọ̀, ara rẹ̀ ló lé.

Fọlárìn pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́, ó ṣe tuntun ní orúkọ Adégòroyè. Ṣùgbọ́n páásíwọ́ọ̀dù tí Adégòroyè ń pààrọ̀ ṣáá ti fu àká lára. Ó ní kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n ń wo aago. Nígbà tí iṣẹ́ náà máa wọlé, aago mẹ́rin ti kọjá.

Ìbídùn pe nọ́ọ̀sì àgbà. "Ẹ má bínú, mà. Ètò àtijọ́ lẹ ó ṣì máa lò ní ọ̀sẹ̀ yìí."

"Àwọn tó ń bọ̀ láti oko lọ́la ńkọ́? Ta ni yóò dojú kọ wọ́n?"



Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ka ohun tó wà níwájú yín tán kí ẹ tó pariwo, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní olè kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìjà tí Adégòroyè ń bá Fọlárìn jà, ọmọ ọlọ́mọ ló jìyà rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

"Fọlárìn, má bínú," ni Adégòroyè wí níkẹyìn. "Jókòó díẹ̀, kí wọ́n ra nǹkan fún ọ jẹ."

Fọlárìn dá àga padà sáyè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ padà lọ sí Ọ̀yọ́.