Kẹ̀kẹ́ Bàbá Hylke Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé. Àdúgbò wa níbí, ní àríwá Họ́láńdì, ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò ṣojú mi, Marijke ló sọ ọ́ fún mi.

1.

Sietse, aládùúgbò mi, ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin. Àràárọ̀ ló ń nù ún. Bí ẹyẹ bá ṣu sí i, ẹ ó rò pé wọ́n bú ìyá rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀, Hylke, ń gbé lọ́dọ̀ òun àti Marijke ìyàwó rẹ̀. Àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n ló ń ṣe Bàbá. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n kàn án níṣòó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé orí kẹ̀kẹ́ wò! Á lọ tààrà, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Dókítà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe máa ń rí nígbà míì, gbogbo wa ládùúgbò la sì ń rí i.

Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ pàgọ́ sí erékùṣù kan, níbi tí wọ́n ti fọ́n eérú ìyá Sietse sínú òkun lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú rẹ̀. Tó bá di àyájọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ lọ sídìí bẹ́ńṣì kan tó kọjú sí òkun. Á bu kọfí sí ife méjì, á mu tirẹ̀, á gbé èkejì kalẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ títí yóò fi tutù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Bàbá ní, "Sietse, má gbàgbé kẹ̀kẹ́ mi o."

"Bàbá, a ò kó kẹ̀kẹ́ lọ lọ́dún yìí. Irin tí wọ́n ń so ó mọ́ á ha ọkọ̀ mi lára."

"Tèmi nìkan ńkọ́?"

"A máa yá òmíràn níbẹ̀."

Marijke ò lè dákẹ́. "Kẹ̀kẹ́ Bàbá yàtọ̀, ìwọ náà mọ̀. Torí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe ṣe é kó rẹlẹ̀ báyẹn. Àbí torí ọkọ̀ lásán-làsàn?"

Inú bí Sietse. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ẹni tí kò lè rìn láti yàrá dé ilé ìtọ̀, kẹ̀kẹ́ ló tún fẹ́ gùn!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó fi í ti ògiri.

2.

Wọ́n dé erékùṣù. "Ó ti tán, ọ̀gá," ni ọmọbìnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ yáni wí. "Àsìkò ìsinmi la wà. Ọmọ ilẹ̀ yìí tí gbogbo wa ń gun kẹ̀kẹ́ náà ni yín, ẹ sì wá pàgọ́ láìgbé kẹ̀kẹ́? Ṣé àgọ́ lẹ fẹ́ gùn ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sietse ò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó ń kẹ́ yẹn náà ò wúlò níbẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń gba ọ̀nà bẹ́ńṣì ọ̀hún.

"Ọ̀la ni àyájọ́ wa," Bàbá wí. "Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ."

"Màá wá nǹkan ṣe sí i, Bàbá."

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣe nígbà tí ilẹ̀ mọ́? Atẹ́gùn òkun ti da yanrìn àti iyọ̀ sára ọkọ̀, ó bá gbé e lọ fọ̀! Marijke ti lọ ra búrẹ́dì. Bàbá po kọfí sínú fúláàsì, ó kó ife méjì sápò, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

3.

Ó rìn jìnnà o. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé géètì kékeré tí wọ́n fi ń dá màlúù dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!" Wọ́n rò pé ẹyẹ ló ń wò. Ojú ń ti Bàbá láti sọ pé òun ò lè gbé ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Marijke nílé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n wá a rí, ó ti ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, ara rẹ̀ tutù. Sietse kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró dè mí?"

"Sietse, má bínú. Mo ti da ìsinmi yín rú."

Ẹ̀yin èèyàn, òun ló tún ń tọrọ àforíjì! Fúláàsì wà láyà rẹ̀, kọfí inú rẹ̀ ò dín. Òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bàbá Hylke ò jáde láàyè nílé ìwòsàn náà.

4.

Nígbà tí ọdún yípo, mo rí Sietse níwájú ilé, ó ń so kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Irin ti fa ìlà gbọọrọ sára ọkọ̀ dúdú yẹn.

Mo ní, "Sietse, ó ti ha ọkọ̀ rẹ o."

"Mo rí i." Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. "Ká ní mo jẹ́ kó ha á lọ́dún tó kọjá ni, bàbá mi ì bá dé bẹ́ńṣì."

Ó gbé orí lé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, mo bẹ̀ yín: ohun tí òbí yín bá ní kẹ́ ẹ bá òun gbé, ẹ gbé e. Ọkọ̀ tó bá ha, wọ́n á kùn ún. Ẹ má fi àìlera àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ò mọ ibi tí agbára rẹ̀ kù sí. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, kó tó pẹ́ jù. Gbogbo àgbà ìlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.