Adìẹ Ọ̀gbẹ́ni Boutwell Kì í Ṣàìsàn

Àwọn adìẹ tó wà lọ́dọ̀ Verlene Tadlock, ní ìgbèríko Misisípì, tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó la ọ̀kan nínú wọn. Ìfun rẹ̀ wú fún afẹ́fẹ́, inú ìfun náà sì rí bí aṣọ ìnura tó ti gbó. Àrùn tó ń jẹ ìfun ti padà dé. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ẹran tó ń kó òròmọdìẹ fún un sìn, adìẹ tó bá wà láàyè, ti ilé-iṣẹ́ ni. Èyí tó bá kú, ti Verlene ni.

Grady Pickens, tí ilé-iṣẹ́ ń rán wá wo oko, dé lọ́sàn-án. Ó wọ ọ̀rá sórí bàtà, ó fọwọ́ bo imú.

"Mísì Verlene, ẹ tún ti jẹ́ kí ilẹ̀ wọn rin."

"Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ mi gbẹ ju ọ̀nà ọ̀fun rẹ lọ. Oògùn ni kí ẹ fún mi."

"Oògùn kẹ̀? Ẹ ò ka ohun tí a kọ sára ọ̀rá ẹran wa ni? Adìẹ wa kì í fẹnu kan oògùn."

"Òótọ́ ni. Wọ́n ń kú láìfẹnu kàn án."

Grady rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ sin adìẹ, Verlene ló tún gbẹ̀yìn. Bó bá tún gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ò ní kó òròmọdìẹ wá fún un mọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé báńkì tó yá a lówó kọ́ ilé adìẹ ni yóò wá gba ilẹ̀ tí bàbá Verlene fi sílẹ̀.

"Ẹ wo Ọ̀gbẹ́ni Boutwell lódìkejì odò," ni Grady wí. "Oúnjẹ kan náà, òròmọdìẹ kan náà, òun ló ń gba ipò kìíní. Adìẹ kan ò yàgbẹ́ gbuuru níbẹ̀ rí."

"Kí ló ń ṣe fún wọn?"

"Ó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹ̀, mà."

"Ṣé mo lè lọ wò ó?"

"Háà! Ẹ mọ òfin o. Olóko kan kì í yà sí oko ẹlòmíì. Ṣé ẹ fẹ́ kó àrùn lọ bá aláìṣẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Otis, awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ adìẹ káàkiri, dé.

"Ṣé ti Boutwell lo ń gbé lọ báyìí?" ni Verlene bi í.

"Èmi kọ́ o, Mísì Verlene. Wọn ò rán mi kọjá odò rí. Ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ mi ń parí sí."

Verlene gbà pé ẹni tó wà nípò kìíní yóò ní awakọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó yan kéèkì. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ aṣọ tí kò wọ̀ dé ọ̀dọ̀ adìẹ rí, ó sì wa ọkọ̀ kọjá odò lọ bẹ ọkùnrin náà pé kó kọ́ òun níṣẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí orúkọ Boutwell ti ń pa rẹ́ lára àpótí lẹ́tà, ó rọra fi ọ̀rá bo bàtà rẹ̀ kó má baà kó àrùn bá adìẹ olódodo, ó gbé kéèkì rẹ̀ dání, ó sì gbójú sókè wo ilé adìẹ tó ń gba ipò kìíní: àwọn igi páìnì tó hù sínú rẹ̀ ti ga, wọ́n ti gba òrùlé yọ sókè.